Omi Tó Tòrò Kọ́ Ni Omi Tó Mọ́

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí a máa mu omi kànga láìbẹ̀rù, torí ilẹ̀ ti sẹ́ ẹ kó tó dọ́wọ́ wa. Ilẹ̀ tirẹ̀ lè sẹ́ ẹ. Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Èmi ti ń gbé Sókótó fún ọdún 11, òkúta ẹfun ni mo bá níbẹ̀.

Òkúta ẹfun yìí, tí wọ́n ń wà ní Kalambaina fi ṣe sìmẹ́ńtì, kì í sẹ́ nǹkan kan. Omi òjò tó gba inú ilẹ̀ kọjá máa ń kan díẹ̀, á sì máa jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí yóò fi lu ihò. Iyanrìn ń sẹ́ omi bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì, ṣùgbọ́n gọ́tà lásán ni ihò inú òkúta ẹfun. Níbi tí ihò bẹ́ẹ̀ bá ti fẹ̀, omi lè rin ju kìlómítà kan lọ lójúmọ́.

Kì í ṣe gbogbo bakitéríà inú omi náà ló burú. Àwọn onílé wà níbẹ̀ tí wọn ò rí oòrùn rí, tí púpọ̀ nínú wọn lẹ̀ mọ́ ara òkúta. Àwọn kan ń sọ amóníà di náítíréètì. Nínú ihò Movile ní ilẹ̀ Romania, tí wọ́n ṣàwárí lọ́dún 1986, bakitéríà tó ń rí agbára látara gáàsì tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ ni oúnjẹ gbogbo ẹ̀dá ibẹ̀ dúró lé, títí dórí eṣúṣú. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn àwọn onílé yìí.

Àlejò ni ìyọnu. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gbé tinú ṣáláńgá àti tinú ìgbẹ́ màlúù wọnú ihò. Ní Walkerton, ní Kánádà, bẹ́ẹ̀ ló rí nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2000: òjò ńlá gbá ìgbẹ́ màlúù wọ kànga kan tí kò jìn, tó wà lórí òkúta tó ti sán, àwọn tó yẹ kó fi kilórìn sí omi kò sì ṣe é bó ṣe yẹ. Èèyàn 7 kú, nǹkan bí 2,300 ṣàìsàn.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ lè ka kọ́bọ̀ nísàlẹ̀ kànga ilé tí mò ń gbé. Òjò kan ṣoṣo rọ̀ lóru, ilẹ̀ mọ́, omi ti dà bí omi ògì. Máírúwà àdúgbò, ẹni tó ń ta omi fún wa, ní kí n fún un lọ́jọ́ méjì. Ọjọ́ méjì pé, ó tòrò lóòótọ́. Ẹrẹ̀ ló rọlẹ̀, bakitéríà ò bá a rọlẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù mi ní wọ́n ti yẹ omi náà wò rí, wọn ò bá nǹkan kan. Ìgbà wo? Oṣù Kejì, nínú ọ̀gbẹlẹ̀!

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kò gbọdọ̀ sí E. coli, bakitéríà tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, kankan nínú mílílítà 100 omi mímu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí àlejò wọlé ni kó wá. Kí àwọn tó ń yẹ omi wò máa bu tiwọn lọ́jọ́ kejì òjò àkọ́rọ̀, kí wọ́n sì tún padà wá nínú oṣù Kẹjọ. Ní ilé tèmi, a ṣì ń sè é.

Bàbá Ìbejì,
Sókótó