Ẹ Má Fi Búlọ́ọ̀gù Du Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà òbí kan nínú ìwé ìròyìn yín, tó ní kí wọ́n lé gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́, torí pé òun ló ń ba àwọn ọmọ jẹ́. Mi ò bá a jà. Èmi náà bímọ. Àmọ́ olùkọ́ Yorùbá ni mí níbí ní Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú tèmi rí.

Ó ti tó ọdún kan tí kíláàsì JSS 2 tí mò ń kọ́ ti ní búlọ́ọ̀gù tiwọn, ìyẹn ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbé àròkọ wọn sí káwọn èèyàn lè kà á kí wọ́n sì fèsì. Kò sí ọmọ tó ń mú fóònù wá o. Inú ìwé ni wọ́n ti ń kọ àròkọ wọn. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, a ó yan méjì, ẹni tó kọ ọ́ á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù mi, àwọn tó kù á dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa pariwo àmì ohùn tó gbàgbé. Blogger la ń lò, ìyẹn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀gù, ó ti wà láti 1999, ọ̀fẹ́ sì ni. A kì í fi orúkọ ọmọ tàbí fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òǹkàwé kankan kì í sì í hàn síta àfi tí mo bá kọ́kọ́ kà á.

Ọmọdébìnrin kan kọ nípa àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìlà mẹ́rin péré. Ó ní "ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń ya ara aṣọ náà." Láti JSS 1 ni mo ti ń fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ irú àṣìṣe yìí, wọn kì í tilẹ̀ wò ó, máàkì ni wọ́n ń wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá aláró kan kà á (ọmọ rẹ̀ ló bá a tẹ èsì), ó ní: "Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ wo nìyẹn, ti ilé ìwé ni àbí ti ilé kéú?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, lọ bá ìyá náà. Ó padà wá ṣàlàyé pé láfún ni wọ́n ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ tí wọ́n fi ń kọ ọnà sára aṣọ; tó bá gbẹ, wọ́n á rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Ojú ewé kan gbáko ló kọ, kò sì sí àmì kankan lórí "ọ" tó parí ẹ̀kọ mọ́.

Ìlú wa kọ́ ni irú èyí yẹ kó ṣe àjèjì sí. Níbí ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní oṣù Kejìlá 1859. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, ó sì fẹ́ kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára.

Àwọn kan ní àwọn ọmọ á máa da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Wọ́n ń ṣe é. Ọmọkùnrin kan gbé ìtàn Òkè Olúmọ wá tó dùn jù fún ọjọ́ orí rẹ̀, ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àpò mi ni owó dátà ti ń jáde. Kọ̀ǹpútà wà ní yàrá kan nílé ìwé, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n bí ẹni bo òkú, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bẹ ẹ̀yin aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́, ẹ bá wa ṣí irú yàrá bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Òbí tó kọ lẹ́tà yẹn náà, ẹ wá jókòó tì wá lọ́jọ́ kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọdébìnrin yẹn tún bi ìyá aláró léèrè ìdí tí aró fi ń rùn. Láàárọ̀ yìí, ẹnu géètì ló ti pàdé mi: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ìyá ti fèsì?" Dátà mi ti tán látàná.

Olùkọ́ Yorùbá kan,
Adátán, Abẹ́òkúta.