Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi "Immature" Lé Yín Sáré

Ẹ̀yin ọmọ mi,

A sin ọmọkùnrin kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwa àgbà la dúró létí sàréè rẹ̀, oorun ò sì tíì kùn mí láti ìgbà náà. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ò tíì mọ ọkọ̀ wà dáadáa, wọ́n pè é ní "immature", pé ìwà ọmọdé ló ń hù. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò débi tó ń lọ.

Inú èdè Látìn lọ̀rọ̀ yẹn ti wá. "Maturus" ni ohun tó pọ́n, tó bọ́ sí àkókò rẹ̀. "Im" ni kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Róòmù a máa kọ ọ́ sára ibojì àwọn tó kú ní rèwerèwe. Nígbà tó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ọdún 1540, ikú àìtọ́jọ́ ni wọ́n sábà fi ń júwe. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó di orúkọ ohun tí kò tíì dàgbà tán. Ìtumọ̀ tí ẹ fi ń bú ara yín yìí, nǹkan bí ọdún 1920 ló bẹ̀rẹ̀.

Ikú àìtọ́jọ́, ẹ gbọ́! Kí ló ń lé yín gan-an? Ẹni tó ní òun ò tíì mọ nǹkan, kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín?

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayùn. Ilẹ̀ ni mò ń gbá, mo sì ń bá a di igi mú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ọmọ ọwọ́ ni mí. Mo sunkún lọ bá ìyá mi, ó ní, "Ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì pé, àbí kò pé?" Wọ́n pé. Wọ́n ṣì pé títí dòní.

Bí wọ́n bá na kọ́kọ́rọ́ sí yín, tàbí ọtí, tàbí ìwé tí ẹ ò tíì kà tán pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí, ẹ dá a padà. Bí ẹnìkan bá sì hùwà ọmọdé lóòótọ́, ẹ sọ ohun tó ṣe fún un, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ. N ò fẹ́ tún dúró létí sàréè ọmọ. Ẹni tí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ yìí lé, kó wá bá mi, ì báà ṣe òru.