Lẹ́tà sí ìyá ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa nígbà kónílé-ó-gbélé

Màámi,

Mo mọ̀ pé ẹ ti sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ní Sátidé tó kọjá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń gba owó ọdẹ àdúgbò ni. Kí n tó dìde, Àkànní ọmọ wa ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ti kọrí sí yàrá, ó sì ń wí pé, "Ẹ mú un wọlé, ẹ mú un wọlé." Ohùn yín ni, Màámi. Bí ẹ ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe fà á. Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún 10, kò sì tíì gbàgbé.

Ọmọ ọdún 4 ni nígbà yẹn. Ẹ gbé ẹja yíyan ọjà Olúwo wá fún wa láti Ẹ̀pẹ́, ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ máa lò. Wọ́n ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020. Nígbà tó di aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà, ìjọba sé gbogbo Èkó mọ́lé, ẹ ò sì rí ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìtòkín padà mọ́. Àwa náà ò lè wọ bọ́ọ̀sì BRT láti Agric ní Ìkòròdú lọ bá obìnrin tó ń kọ́ Àkànní lọ́rọ̀ sísọ ní Yábàá. Ó ń fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp, dátà ń lọ, Àkànní á sì da ojú fóònù dé ilẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ń gbọ́ lórí rédíò, kò sí èyí tó bá ọmọ tí kò tíì pe ìyá rẹ̀ ní màmá mu. Lóru, wọ́n ń jó táyà ní títì nítorí àwọn olè tí wọ́n ní wọ́n ń bọ̀, Àkànní á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á máa ké títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ̀yin lẹ rí i ṣe. Ẹ da ẹ̀wà sórí àtẹ, ẹ gbé e sáàárín ẹsẹ̀ yín. Ẹ á mú òkúta kan, ẹ á ní "òkúta," ẹ á dúró. Ẹ á mú ẹ̀wà, ẹ á ní "ẹ̀wà," ẹ á tún dúró. Ẹ ò kán an lójú. Dídúró yẹn gan-an ni obìnrin Yábàá ń kọ́ mi látọjọ́ yìí, tí mo ń sanwó fún, ẹ̀yin tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ sì ń ṣe é. Ẹ fi ẹfun ya igbá ìwẹ̀, abọ́ àti ẹní sára ògiri, kó lè mọ ohun tó kàn. Igbe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lọ́jọ́ tó sọ pé "ẹ̀wà," ẹ jó yípo pálọ̀, ẹ ń kì í ní oríkì títí omijé fi bọ́ lójú mi.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan báyìí kò fi tán nínú mi.

Oṣù karùn-ún ni, wọ́n ti ń tú ìlú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ilé yín wá wò yín. Ẹ gbọ́ fèrè mọ́tò, ẹ wo Àkànní tó ń mi ara síwá sẹ́yìn nídìí àtẹ, ẹ ní, "Ẹ mú un wọlé." Ẹ fa àtẹ yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wà fọ́n ká. Mo gbé e, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí wọ́n bèèrè pé, "Ọmọ ńkọ́?" Mo gbọ́ tí ẹ ní ó ń sùn. Ọmọ tí ẹ ní ó ń sùn dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wí pé, "Ẹ mú un wọlé, ẹ mú un wọlé," títí wọ́n fi lọ. Màámi, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó délẹ̀ lẹ́nu ọmọ mi nìyẹn.

Ẹ padà sí Ẹ̀pẹ́, a ò sọ ọ́. Ọdún kejì, ẹ fi ayé sílẹ̀.

Ṣé ojú ń tì yín ni, àbí ẹ ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹnu ayé? Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ààbò ni, kí ló dé tí ẹ fi já àtẹ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn?

Ilé ìwé tó ń lọ báyìí ní ká gba olùkọ́ tí yóò máa jókòó tì í, ká sì máa sanwó rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ká mú un lọ. Mo sọ fún wọn pé òfin wà, pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí i pé a ò gbọdọ̀ ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí ìpèníjà ara. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ilé ìwé ìjọba wà. Ọmọ yín ní kí n dákẹ́, pé a ò lówó ẹjọ́. Lóòótọ́, a ò lówó ẹjọ́. Owó ilé pàápàá ti lé sí i.

Òun kan náà ló tún wá bá mi lálẹ́ àná. Ìrántí yín ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo ẹbí ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó ní kí n fi Àkànní sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá Ṣadé, nítorí èrò máa pọ̀. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ibo ló ti kọ́ ọ, Màámi?

Mo ń mú un bọ̀. Iwájú ilé lèmi àti ẹ̀ máa jókòó sí, níbi tí gbogbo àlejò ń gbà wọlé. Ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ kó tó dọjọ́ náà, nítorí èmi ò fẹ́ bá a jà lójú oórì yín.

Èmi ni,
Ìyàwó yín ní Ìkòròdú