Àkànní, jẹ́ kí ọmọ náà mí

Ìbàdàn

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó mi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú kò tíì tán nínú mi. Ìwọ ń pariwo, èmi náà sì ti fẹ́ máa pariwo, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè kà á nígbà tí inú rẹ bá rọ̀.

O ní Démọ́lá ọmọ rẹ gbé ipò kejìdínlógún nínú ọmọ márùndínlógójì ní kíláàsì rẹ̀, o ní ìtìjú ni. Mo bi ọ́ pé ta ni ojú ń tì, o ò dá mi lóhùn. Jẹ́ kí n bá ọ ṣírò rẹ̀, torí iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyẹn. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wà níwájú rẹ̀, mẹ́tàdínlógún ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àárín gan-an ló wà. Kò sí kíláàsì tí kò ní àárín, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọmọ tìrẹ, ọmọ ẹlòmíràn ni. Gbogbo wa la máa ń sọ pé ìka ò dọ́gba, ṣùgbọ́n ìka ọmọ ẹlòmíràn la máa ń ní lọ́kàn.

Ìyàwó mi ti fi àwòrán káàdì náà ránṣẹ́ sí mi. Mo rí 54, mo rí 58, mo rí 61. Kò sí iṣẹ́ kan tí ọmọ náà fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Ohun tí o rí tó mú ọ gbóná ni àwòrán àwọn ọmọ tó gba ẹ̀bùn, èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń gbé sórí WhatsApp. Àwọn tí ọmọ wọn gbé ipò kejìdínlógún kì í gbé tiwọn síbẹ̀, ìyẹn lo ṣe rò pé ìwọ nìkan ni.

Ìwọ nìkan kọ́. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 èsì JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, tó kọ́kọ́ jáde ní 2025, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò tó 200 nínú 400. Lóòótọ́, àjọ náà padà gbà pé àṣìṣe wà nínú èsì àwọn kan ní Èkó yín níbẹ̀ àti ní ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ àwọn yòókù di olórí ìwé. Àwọn tó gba 300 sókè ò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àwọn yẹn nìkan bá jẹ́ ọmọ, kí ni ká wá pe àwọn tó kù?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín. Démọ́lá ní o sọ fún òun pé ìwọ kì í kúrò ní ipò kìíní nígbà tí o wà níléèwé. Àkànní! Èmi ni mo tọ́jú àwọn káàdì rẹ o, wọ́n wà nínú àpótí onírin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ní 1996, P7 tí kò tó kírẹ́díìtì lo gbà nínú ìṣirò WAEC, ìwọ ọmọ tíṣà ìṣirò, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọdún tuntun. GCE ìparí ọdún lo fi tún un ṣe, C6 lo sì mú wọ yunifásítì. C6 yẹn kò dí ọ lọ́wọ́ láti di ẹni tó ń bọ́ ilé mẹ́ta lónìí. Mi ò kọ ọ́ láti tẹ́ ọ, mi ò sì ní sọ ọ́ fún ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n má fi ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ na ọmọ.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń wá ẹ̀bùn Démọ́lá kiri. Ó ti mú un lọ kọ́ dùùrù, ó ti mú un lọ síbi bọ́ọ̀lù, ó tún ti sanwó fún ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, mo mọ̀. Bí ọmọ bá gbádùn ọ̀kan níbẹ̀, kó máa bá a lọ. Àmọ́ ẹ má fi ṣe ètùtù ipò kejìdínlógún. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé ọmọ tí ìwé ò bá gbé, nǹkan ńlá mìíràn ń bẹ nínú rẹ̀ tí kò tíì jáde. Ó lè wà. Ó sì lè má sí. Ó lè jẹ́ pé ọmọ àárín ni Démọ́lá nínú ìwé, ọmọ àárín nínú bọ́ọ̀lù, ọmọ àárín nídìí dùùrù. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, akọ̀wé rélùwéè ni. Kò sí ẹni tó gbé àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn títí ó fi kú, òun náà ló sì san owó iléèwé ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìjẹ gbèsè. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, n kò béèrè ipò tó gbé.

Má pe ọmọ yìí ní olódo mọ́. Orúkọ ń ro ọmọ. Má sì pè é bẹ́ẹ̀ níwájú Títí ọmọbìnrin yín, torí kì í ṣe Démọ́lá nìkan lò ń bà jẹ́. Ọmọbìnrin yẹn ti ń gbé káàdì rẹ̀ pàdé yín lẹ́nu géètì, ó ti rò pé nítorí máàkì lẹ ṣe fẹ́ràn òun. Ẹ̀rù ọjọ́ tí yóò gbé ipò kẹfà wálé ń bà mí ju ti ipò kejìdínlógún Démọ́lá lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilé ìdánwò tí ọ̀rẹ́ rẹ júwe fún ọ, tí o ní kí o ti máa tu owó rẹ̀ jọ láti ìsinsìnyí. Miracle centre ni wọ́n ń pè é, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa. Ọmọ á máa lọ síléèwé ní Èkó, orúkọ rẹ̀ á wá jáde nínú ìwé iléèwé kan tó wà ní ìlú tí kò dé rí. Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹnì kan á kọ ìdáhùn sójú pátákó, tàbí kó gba orí fóònù wọlé, ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ wọn á ti gba tirẹ̀, á sì jókòó síta máa gba atẹ́gùn. Àwọn ọmọ kì í ní owó yẹn lọ́wọ́, Àkànní. Òbí ló ń san án.

Bí àṣírí bá tú, WAEC á dá èsì dúró, wọ́n sì lè fagi lé e pátápátá, gbogbo ọdún náà á ṣòfò. Èyí tí àṣírí rẹ̀ ò tú ló burú jù lójú tèmi. Ọmọ á di A àti B mọ́wọ́ lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì tó, nígbà tó bá di Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, tàbí ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ìwé á máa lé e kiri. Démọ́lá á sì mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Á mọ̀ pé bàbá òun kò gbà pé òun lè ṣe é, pé èyí dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ sanwó fún ẹlòmíràn kó bá òun ṣe é. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí wàá fi yọ ìyẹn kúrò nínú rẹ̀.

Kí sì ni a ń wá tó tó bẹ́ẹ̀? Kírẹ́díìtì márùn-ún ni fún yunifásítì, kí Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, kí ìṣirò náà sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́. C6 náà kírẹ́díìtì ni. Ọmọ tó ń gba 54 láìsí ìrànlọ́wọ́ gidi kò jìnnà síbẹ̀. Ní 2025, 150 ni wọ́n ní kó kéré jù fún yunifásítì, 100 fún poli, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléèwé kọ̀ọ̀kan lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní í wọ ìmọ̀ ìṣègùn, òótọ́ ni. Ṣé òun ló ní òun fẹ́ ṣe dókítà, àbí ìwọ?

O tún ní bí kò bá gbéra, wàá fà á lé mẹkáníìkì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Kí ni mẹkáníìkì fi ṣe ọ́? Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ kú ní ọ̀nà Ṣàgámù, “ọ̀gá mi” lò ń pè é títí iná ọkọ̀ fi tàn. Iṣẹ́ tí a fi ń halẹ̀ mọ́ ọmọ kò lè wù ú láé, ọ̀gá tó fẹ́ kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ sì lè mọ̀ pé ẹni tí wọ́n jù nù ni wọ́n gbé wá fún òun.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SS, mẹ́rin ní yunifásítì) ní 1982, ohun tí wọ́n sọ fún àwa tíṣà ni pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá parí JSS3 ni yóò bọ́ sí SS. Àwọn kan á gba iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ lọ, àwọn kan á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kò sì ní í jẹ́ ẹ̀gbin. Wọ́n kó ẹ̀rọ Intro Tech, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ, wá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, inú pákó tí wọ́n fi dì í ló wà, kò sí iná, kò sí tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò, títí ó fi dógùn-ún. Ìjọba kan náà ló wá fi ọ̀pọ̀ ọdún dá ẹni tó ní HND, ìwé ẹ̀rí poli, dúró ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 14 nínú iṣẹ́ ìjọba, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní digírì ń kọjá lọ. Nítorí náà mi ò ní tàn ọ́ pé ọ̀nà poli tẹ́jú bíi ti yunifásítì. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí Démọ́lá fúnra rẹ̀ bá ní iṣẹ́ ọwọ́ wu òun, iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba wà ní Agídíńgbì, kò jìnnà sí yín, ìwé ẹ̀rí NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ń bẹ níbẹ̀, ó sì lè gbé e wọ poli. Kó jẹ́ òun ló yàn án, kó má jẹ́ ìwọ lo fi jẹ ẹ́ níyà.

Ní ti ìṣirò, mo yẹ ìwé rẹ̀ wò nígbà tó wá lọ́dún Àjíǹde. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, orí rẹ̀ kò sì kú. Ìdá ni kò yé e. Bí wọ́n bá ní kó ro ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin pọ̀ mọ́ ìdá méjì nínú márùn-ún, á ro ti òkè mọ́ ti òkè, á ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ọmọ tó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní SS1, kò sí bó ṣe fẹ́ rí ojúùtú algebra. JSS1 tàbí JSS2 ló ti sọnù, kò sẹ́ni tó padà lọ mú un. Lẹ́sìnnì tí ẹ ń san owó rẹ̀ ní alaalẹ́ àti ní gbogbo Sátidé, past question ni wọ́n ń sáré kà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ òrùlé sórí ilé tí kò ní ògiri. Ẹ dá ti Sátidé dúró, kí ọmọ sùn, kó bá ọ lọ sọ́jà tàbí kó jókòó lásán.

Nígbà tó bá sì ti iléèwé dé, má béèrè iye tó gbà. Béèrè ohun tí kò yé e lónìí, kí o fara balẹ̀ gbọ́, bí ìwọ náà ò bá mọ̀ ọ́n, sọ fún un pé o ò mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kó wá lo ìsinmi oṣù kẹjọ lọ́dọ̀ mi. Wákàtí kan péré láràárọ̀, lẹ́yìn náà kó máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ládùúgbò. Mo ti bá ìyàwó mi sọ ọ́, ó ti gbà. Kí ìwọ fúnra rẹ gbé e wá, má fi í sínú ọkọ̀ èrò, kí a lè jókòó jẹun pọ̀. Ìwé ìṣirò JSS2 ni kó mú bọ̀ o, kì í ṣe ti SS2, kí ẹ sì bá mi wá jígí ojú mi tí mo gbàgbé sórí fíríìjì yín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ