Lẹ́tà sí àbúrò mi tó gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù Bàbá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Kí lẹ́tà yìí tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ jíìpù Bàbá á ti wà nínú báàgì rẹ. O ní ojoojúmọ́ lo fẹ́ máa gbé e jáde: ibi iṣẹ́, ilé ìwé àwọn ọmọ, ọjà, gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń sọ fún ọ pé ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 30 kò yẹ lóhun tí èèyàn ń gbójú lé láàárọ̀. Èmi ò ní bá wọn sọ ọ́. Ọdún 11 gbáko ni mo fi wà á, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló sì já mi kulẹ̀ lọ́nà. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi méjì.

Ohun kan ni mo fẹ́ kó yé ọ, ó sì pẹ́ kó tó yé èmi fúnra mi. Ọkọ̀ yìí ní ìwà, ó sì ń ṣàìsàn nígbà mìíràn. Tí o kò bá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, wàá máa náwó sórí ìwà, wàá sì máa fàyè gba àìsàn títí yóò fi di ńlá.

Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwà náà ti wá. Ojú ogun àti inú oko la ti bí ìran àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Jíìpù Willys tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní 1941 wà lára àwọn baba ńlá wọn. Land Rover àkọ́kọ́ jáde ní 1948, àgbẹ̀ ló sì wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é. Toyota gbé tirẹ̀ jáde ní 1951, ó di 1954 kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Land Cruiser. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n ṣe nítorí eré sísá lórí títì ọlọ́dà. Bẹ̀rẹ̀ kí o wo abẹ́ tiwa. Irin gbọọrọ méjì tí wọ́n fi irin kéékèèké dè pọ̀ bí àkàsọ̀, òun ni férémù. Ara ọkọ̀ kàn jókòó lé e lórí ni. Áàsìlì náà, irin kan gbọnrangandan ló so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì. Bí òkúta bá ti táyà kan sókè, ó ń tẹ ìkejì mọ́lẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè há sínú igbó. Àmọ́ lórí títì, tí táyà òsì bá kó sí kòtò, èjìká rẹ ọ̀tún máa gbọ́ sí i. Ìwà nìyẹn. Má gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nítorí ìyẹn.

Sítíárìn náà ní ìwà tirẹ̀. Àlàfo díẹ̀ wà nínú rẹ̀, wàá yí i díẹ̀ kí táyà tó gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ọwọ́ rẹ á ti mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n tí o bá kó sí kòtò lórí eré, tí iwájú ọkọ̀ wá ń gbọ̀n jìgìjìgì, tí sítíárìn fẹ́ já gbà mọ́ ọ lọ́wọ́, tí kò sì fẹ́ dáwọ́ dúró, àìsàn gidi nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Má ṣe tẹ bíréèkì lójijì o. Di sítíárìn mú dáadáa, má fún un níná mọ́, jẹ́ kí eré rọlẹ̀ títí ìgbọ̀n náà á fi tán, kí o wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e fún kàn fi ṣọ́ọ̀kì sítíárìn tuntun, èyí tó ń gba ìgbọ̀n mọ́ra, sí i. Oṣù méjì ni ara rẹ̀ fi balẹ̀, ó tún padà dé. Ṣọ́ọ̀kì yẹn kò wò ó sàn, ó kàn dì í lẹ́nu ni. Rọ́bà búṣì tó ti jẹ àti jọ́ìnì sítíárìn tó ti dẹ̀ ló fà á. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ṣọ́ọ̀kì nìkan ni, sọ fún un kó kọ́kọ́ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kó mi táyà kọ̀ọ̀kan lójú rẹ.

Bíréèkì ni mo fẹ́ bá ọ sọ jù.

Nígbà kan rí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí pẹ́dà bíréèkì ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ń sọ fún ara mi pé bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo ń pe àìsàn ní ìwà. Lọ́jọ́ kan mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn kan, ọmọ mi wà lẹ́yìn, ọkọ̀ pọ̀ níwájú, láti orí òkè ni mo sì ti ń tẹ bíréèkì bọ̀. Nígbà tí mo dé ìdajì, pẹ́dà náà lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó kan ìsàlẹ̀, ọkọ̀ kò dúró. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe rí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn tó wá gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Mo já jíà wálẹ̀ sí ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ́ńjìnnì ké, mo ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń tẹ pẹ́dà náà ní àtẹ̀túntẹ̀. Ó ku nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí ọkọ̀ tó wà níwájú nígbà tó dúró. Ọmọ náà kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣe. Èmi ò lè sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Nígbà tí wọ́n tú omi bíréèkì rẹ̀ dà, ó dúdú bí omi ẹrẹ̀. Àṣé omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Tí bíréèkì bá wá gbóná gan-an, omi tó ti wọ inú rẹ̀ á hó, á di oru. Ohun olómi kò ṣeé tẹ̀ kó sún kì, ṣùgbọ́n oru ṣeé tẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ rẹ á parí sára oru yẹn, kò ní dé ìdí táyà. Gbogbo ọdún 2 ni kí o máa pààrọ̀ rẹ̀, kódà kó mọ́ lójú. Tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, jíà kékeré ni kó máa dá ọkọ̀ lẹ́kun. Tí o bá gba inú omi kọjá, bíréèkì ẹ̀yìn á rin; fẹsẹ̀ ba pẹ́dà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ bí o ṣe ń lọ kó lè gbẹ, kí o tó gbára lé e.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò gùn, àmọ́ má gbàgbé rẹ̀: má fi í sí i lórí títì gbígbẹ. Mo ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́. Òjò ti dá, mo gbàgbé láti yọ ọ́, ìgbà tí mo fẹ́ yí ọkọ̀ wọlé, ṣe ló ń ta kìjì kìjì bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Irú tiwa yìí, tí o bá ti fa ọ̀pá fọ́ọ̀-wíìlì, iwájú àti ẹ̀yìn ti di ọ̀kan, wọn ò lè yí ní iye tó yàtọ̀ síra. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ọ̀ràn á sì parí síbẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ kò ríbi yọ̀ sí, irin inú rẹ̀ ló máa jìyà. Tí ọ̀pá náà bá há, má fagbára fà á. Fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn gbọọrọ díẹ̀, á tú fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má sì pa á tì pátápátá o; lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wá ilẹ̀ eléèpẹ̀ kí o lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ọ́ìlì lè kàn án lára.

Ní ti táyà, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi DOT bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà jíìpù kì í tètè jẹ tán, ọjọ́ orí ló ń pa á. Ojú rẹ̀ á jìn, ìwọ á rò pé ó ṣì lágbára, bẹ́ẹ̀ rọ́bà ti le, ó ti ń sán. Tó bá ti pé ọdún 10, bọ́ ọ dànù, títí kan èyí tó wà lẹ́yìn tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí. Wọ́n á tún sọ fún ọ pé táyà ńlá eléyín gbàgbà-gbàgbà ló bá a mu. Ó bá a mu lójú lóòótọ́. Èmi náà gbé e wọ̀ ọ́ rí, mo kúrò ní íǹṣì 31, mo lọ sí 33. Ó ń pariwo, kì í tètè dúró lórí ọ̀nà tó tutù, aago eré sì bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún mi: tó bá kà 100, 106 ni mo ń sá ní tòótọ́. Mo bọ́ wọn. Fún ẹni tó ń gbọ́mọ lọ sílé ìwé, táyà títì ló dáa jù.

Ìpáàrà kò láriwo. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ń jẹ férémù láti inú bọ̀ síta. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ inú rẹ̀ ló ń pa ọ̀rinrin mọ́ sára irin, nítorí náà fọ abẹ́ ọkọ̀ ju òkè rẹ̀ lọ. Òòlù kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, wọ abẹ́ rẹ̀ kí o fi kan férémù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè máa dún gooro. Níbi tó bá ti dún pọ̀ọ̀, fi ẹfun sàmì sí i, kí o pe wẹ́dà.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́. Tí o bá ti dé láti ìrìn gígùn, kí o tó wọlé, gbé àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan, má fọwọ́ kàn án. Wàá mọ ooru tó máa ń jáde níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ pé bíréèkì ibẹ̀ ń há tàbí pé bẹ́rìn-ìn tí táyà fi ń yí ń kú lọ. Ọwọ́ mi ló sọ fún mi nípa bẹ́rìn-ìn iwájú ọ̀tún, ọjọ́ púpọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Láàárọ̀, wo ilẹ̀ ibi tó sùn sí. Ẹ̀kán ọ́ìlì dúdú kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìwà nìyẹn, mo ti gbà á bẹ́ẹ̀. Omi aláwọ̀ ewé tó ń rùn bí ohun dídùn, rédíétọ̀ ló ń jò, má gbé e jáde. Bí abẹ́rẹ́ ooru bá sì kúrò níbi tó máa ń wà, ì báà jẹ́ díẹ̀, dúró. Má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Omi inú rẹ̀ lè ti kọjá 100°C láìhó nítorí pé ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú rẹ ló máa hó sí.

Ibì kan wà tí mi ò ní tàn ọ́. Ọkọ̀ yìí kò ní àpò afẹ́fẹ́ tó máa gba orí rẹ dúró tó bá forí sọ nǹkan. Bíréèkì rẹ̀ kò gbọ́n bíi tàwọn tuntun. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ jù lórí omi, táyà á há, á máa yọ̀ lọ. Ó ga, kò sì fẹ́ kí èèyàn yà lójijì. Àlàfo tí ẹlòmíì ń fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ iwájú, ìwọ fi ìlọ́po méjì sílẹ̀. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ de bẹ́líìtì, àní kó jẹ́ òpópónà kan péré lẹ ń lọ. Tó bá jẹ́ ìrìn àjò gígùn lórí ọ̀nà eré lóru ni, gbé ọkọ̀ mi, kó o fi jíìpù sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ràn jù.

Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí iwájú. Ọwọ́ Bàbá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tèmi tẹ̀ lé e: ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì, kìlómítà tó wà lára aago, ohun tí a gbọ́, ohun tí a rí. Ojú ewé tó kàn ṣófo. Bírò dúdú wà nínú rẹ̀, ó ṣì ń kọ̀wé.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ní ṣí fún ọ tí o bá kàn fà á. Gbé e sókè díẹ̀ ná, kí o tó wá fà á. Bàbá ló kọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ