Ọ̀nà jíjìn kọ́ la fi ń yan asáré kẹ̀kẹ́ inú pápá

Olóòtú, òkun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Ọ̀pọ̀ ibi ní Ìjùmú, Yàgbà àti Búnú ni wọ́n ti ń fi ọ̀nà jíjìn yan ọmọ tí yóò gun kẹ̀kẹ́ fún ìdíje. Wọn a ní kí àwọn ọmọ gùn ún láti Kàbà dé Ìsánlú, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n á mú. Fún eré ojú títì, kò burú. Ṣùgbọ́n fún eré àsápa inú pápá, èyí tí wọ́n ń pè ní sprint, ọmọ tí a ń wá gan-an ni wọ́n ń já sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Paris lọ́dún 2024, ìṣẹ́jú àáyá 9.088 ni Harrie Lavreysen, ará Netherlands, fi gun 200 mítà lẹ́yìn tó ti kó eré bọ̀. Bí èèyàn bá rọra ka ení dé ẹ̀wá, ó ti parí. Kí ló fẹ́ fi èémí tó ń gbéni dé Ìsánlú ṣe?

Iṣan ẹsẹ̀ kan wà tó ń fún kíá tó sì ń tètè rẹ̀. Òmíràn ń fún jẹ́jẹ́, kì í tètè rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó lára èèyàn, àbímọ́ kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ẹfun àti ògiri tó láti fi dá ọmọ tí èyí tó ń fún kíá pọ̀ lára rẹ̀ mọ̀, òun sì ni àsápa ń fẹ́. Kí ọmọ fi ẹfun pa orí ìka àárín, kó dúró ti ògiri láìgbé gìgísẹ̀, kó na ọwọ́ tán, kó fi ìka tẹ ògiri. Kó wá lóṣòó díẹ̀, kó fò láti ojú kan, kó tún tẹ̀ ẹ́ lókè. Ẹ wọn àlàfo àárín ojú ẹfun méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, kó sinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín, kí ẹ kọ èyí tó ga jù sílẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún 15 tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́, tó bá kọjá 50 sẹ̀ǹtímítà, ẹ má jẹ́ kó lọ. Bí ọmọ bá gbẹ́sẹ̀ kó tó fò, tàbí tí kò na ọwọ́ tán lákọ̀ọ́kọ́, àlàfo á gùn lásán. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó tètè bàlágà: ó lè jẹ́ pé ara ló fi ṣíwájú ẹgbẹ́, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wàhálà wà jù. Agbára tí iṣan fi ń sá àsápa kì í ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ kó tó gbẹ, ó sì ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó kún padà. Nítorí náà, kí ọmọ dúró sójú kan lórí ilẹ̀ tó gòkè díẹ̀, kó fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà fún 60 mítà, kó sọ̀ kalẹ̀, kó jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ti tó. Lọ́jọ́ mìíràn, kó kó eré bọ̀ fún 150 mítà, kó wá sá 100 mítà tó kù tagbára-tagbára, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Olùkọ́ tó bá rí i níbi tó jókòó sí á ní ọ̀lẹ ni, á lé e dìde. Láti ìgbà náà lọ, eré jẹ́jẹ́ ló ń kọ́ ọ. Ẹ lo aago: bó bá ti fi ìdá kan nínú ogún lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tán fún ọjọ́ náà.

Kẹ̀kẹ́ inú pápá kò ní bíréèkì. Bí táyà bá ń yí, pẹ́dà ń yí. Ó wọ́n gan-an, àní Ese Ukpeseraye, agunkẹ̀kẹ́ Nàìjíríà tiwa, yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní Paris 2024. Kẹ̀kẹ́ ilé ti tó fún ọmọ láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí ṣéènì má dẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn sì le, torí bí ṣéènì bá já bọ́ nígbà tí ọmọ dìde tẹ pẹ́dà, irin ni yóò fi ara gbá. Ọ̀nà Obajana tí tírélà sìmẹ́ǹtì ń gbà kọ́ ni ibi tí a ti ń ṣe é o.

Ó ku oúnjẹ. Iyán dùn, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n odindi kílò iṣu kan kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 15 púrótéènì lọ. Ọmọ oní-60 kílò tó ń sáré báyìí nílò bí 100 lóòjọ́. Ẹyin mẹ́ta á fún un ní 18, ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 150 bí 33, ẹja gíráàmù 150 bí 30, ìyẹ̀fun sóyà gíráàmù 50 nínú ògì bí 18. Kí wọ́n yan sóyà náà jinná. Èyí tí kò jinná kì í jẹ́ kí púrótéènì dà nínú ikùn, inú á sì máa run ọmọ. Kí ọmọ jẹ iyán ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ eré, tàbí wákàtí mẹ́ta ṣáájú eré. Àgúnmu àti ìyẹ̀fun alágbára tí wọn kò kọ ohun inú rẹ̀ sára, ẹ má fún ọmọ. Bí oògùn tí wọ́n fòfin dè bá wà nínú rẹ̀, òun ni wọ́n máa fìyà jẹ, kì í ṣe ẹni tó tà á.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìdíje ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fi ìfò ògiri yìí kún un. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ tó lé àwọn ọmọ sójú títì.

Olùkọ́ eré ìdárayá kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí