Ọlọ́run tó fi òfin sí ayé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ mi tó wà ní fásitì níbí ní Yábàá bi mí pé, bí àgbáálá ayé bá ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn, iṣẹ́ wo ló kù fún Ọlọ́run? Mi ò bínú sí i. Mo sọ fún un nípa àwọn deist, irú bíi àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ Voltaire àti Thomas Paine, tí wọ́n gbà pé Ẹlẹ́dàá wà, ó fi òfin sí ayé, kì í sì í yẹ̀ ẹ́ nítorí àdúrà. Antony Flew, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn pé kò sí Ọlọ́run, yí ohùn padà ní 2004. Ohun tí sáyẹ́ǹsì rí nínú DNA, ìtọ́ni àbùdá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara, wà lára ohun tó yí i lérò padà.

Èmi ò lè bá wọn dé òpin o. Àwọn baba wa ò kọ́ ojúbọ fún Olódùmarè, síbẹ̀ wọ́n ń ké pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ṣómólú pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì nítorí àwọn kan sọ fún un pé àdúrà ti tó. Lọ́jọ́ tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú, páálí oògùn náà wà lórí fìríìjì, ẹyọ méjì péré ló ti lò níbẹ̀. Òfin tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀jẹ̀ ò dúró dè é.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹ̀sìn l'Ékòó, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ lórí pẹpẹ àti mínbárì kí àwọn èèyàn máa lo oògùn wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan ní Yábàá, Èkó.